Bàbá, Ṣé Kí N Lẹ Ọ̀rá Mọ́ Ọn?

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àìrí ara ẹni. Mo mọ̀ pé bí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ó rántí wa lónìí." Ẹ̀tọ́ yín ni. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan sí yín kí ọdún tó parí. Mo kọ ọ́ dé ìdajì, mo wá kà á, mo rí i pé àwáwí ló kún inú ẹ̀, ni mo bá fà á ya. Èyí náà lè má sàn jù ú lọ, àmọ́ màá fi ránṣẹ́ bó ṣe rí.

Ara yín ńkọ́? Etí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń fọ́n ọ̀dà ti jẹ etí yẹn tán, kò sì lè padà bíi tàtijọ́, àmọ́ èèyàn á ṣáà béèrè. Ẹ bá mi kí Aláriwo. Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ tí kò lè di ìbọn ọ̀dà mú lọ́jọ́sí, òun ló wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín báyìí tó ń pàṣẹ.

Bàbá, mo ra ọkọ̀. Tuntun ni. Mi ò sọ pé tuntun sí mi o. Mò ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wà rí. Kò sí ọkọ̀ kan tó wọ ilé wa rí tí kò ní ibi tí wọ́n ti gbá a, ẹ̀yin lẹ sì máa ń fi pọ́tì dí i. Èyí ò ní ojú àpá kankan. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù tó jìn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí oòrùn ò bá sí. Bí oòrùn bá yọ, á máa dán bíi pé wọ́n fọ́n iyọ̀ sínú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé e wálé, mo jókòó sínú ẹ̀ lábẹ́ fèrèsé mi fúngbà pípẹ́, mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí màá lọ sọ fún pé mo ti dé.

Nǹkan kan ló wá ń dà mí láàmú, ìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé sí yín. Wọ́n ní ọ̀rá kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níbí. Ó mọ́ gaara, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n á fi omi ọṣẹ wọ́n ara ọkọ̀, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá náà lé e, wọ́n á wá máa fi rọ́bà pẹlẹbẹ ti omi jáde lábẹ́ ẹ̀ títí á fi lẹ̀ típẹ́. Bí òkúta bá ta sí i lójú títì, ọ̀rá ló máa gbọgbẹ́, ọ̀dà á wà bó ṣe wà. Ó wọ́n gan-an. Owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wá sílé. Wọ́n sì ní ká tètè ṣe é kí òkúta tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ni mi ò ti lè wa ọkọ̀ náà fàlàlà mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo da aṣọ bò ó, mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Sunday nìkan ni mò ń gbé e jáde, ó sì di kí títì gbẹ. Bí mo bá ní kí n lẹ ọ̀rá yẹn, ọkàn mi á ní ìnákúnàá ni. Bí mo bá ní kí n fi sílẹ̀, màá rí òkúta níbi tí kò sí. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀dà. Kí lẹ rí sí i? Lọ́jọ́ kan màá gbé e wá sílé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ rí i bó ṣe jáde gẹ́lẹ́.

Ọmọ yín ni.

---

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Akọ̀wé,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. Aláriwo ní nọ́ńbà fóònù tó o fún òun ò lọ mọ́, obìnrin kan ló máa ń dáhùn pé kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó bi obìnrin náà bóyá ìyàwó rẹ ni. Kó sọ fún un pé bàbá ọkọ rẹ̀ ń kí i.

O rí i pé mo ṣì ń ṣeré. Inú mi dùn sí ọkọ̀ náà, ìyẹn ló fà á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Mo ti ń kun ọkọ̀ kí n tó ní irùngbọ̀n, irùngbọ̀n náà hù, ó sì funfun lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ fi nǹkan bo ọ̀dà. Ọ̀dà náà ni aṣọ. Irin ló wà ní ìhòòhò, ọ̀dà la fi bo ìhòòhò ẹ̀. Ṣé wàá wọ aṣọ tán, wàá wá fi ọ̀rá wé aṣọ? Ṣé o ò gbàgbé Tíṣà Ìṣirò, oníbàárà mi, tó kọ̀ tí kò ya ọ̀rá kúrò lára ìjókòó ọkọ̀ ẹ̀? Ọdún yí po, ọ̀rá náà gan, lọ́jọ́ tí oòrùn mú, ó lẹ̀ mọ́ ìyàwó ẹ̀ nítan. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun máa fẹsẹ̀ rìn, kò sì wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ títí wọ́n fi tà á. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà gba ìjókòó tuntun lọ. Tíṣà tọ́jú ẹ̀ fún un.

Àmọ́ tó o bá fẹ́ ṣe é náà, ṣe nǹkan kan kọ́kọ́. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fi èékánná wọ́ etí ẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí irin ti ṣẹ́po. Tó bá ń lọ geere, ó dáa. Tí èékánná rẹ bá kọ́ lára ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, etí téèpù tá a fi ń bo ibi tí ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ dé nìyẹn, ẹnì kan ti tún un kùn. Ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í di irin mú bíi ti àkọ́kọ́. Téèpù lásán ti ká a kúrò mọ́ mi lọ́wọ́ rí, áńbọ̀sì ọ̀rá tó lẹ̀ típẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, á ká ọ̀dà lọ.

O ní o máa gbé e wá sílé. Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Mo ti ní kí bíríkìlà wá yọ òpó géètì lápá kan, torí wọ́n ní ọkọ̀ ìsinsìnyí fẹ̀ nídìí. Ìgbà wo ni? Mo ní nǹkan kan tí mo fi ń dúró dè ọ́. Kì í ṣe nǹkan ńlá.

O ò sọ ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú ọkọ̀. Mo béèrè.

Èmi, bàbá rẹ.

---

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ìyàwó Tíṣà lórí bọ́ọ̀sì débi pé ẹni tó jókòó tì mí dìde lọ síbòmíì.

Bàbá, ẹ dákun, ẹ ní kí bíríkìlà yẹn dúró ná. Lọ́jọ́ kan ni mo kọ. Mi ò sọ pé ọdún yìí ni. Mi ò lè sọ pé ọdún yìí ni, kódà mi ò lè ṣèlérí èyí tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e ní owó tiẹ̀, ẹnubodè ní tiẹ̀, ibi iṣẹ́ sì ní tiẹ̀.

Mo ti kọ ìyẹn tán kí n tó rí i pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀ àwáwí. Kì í ṣe ibi iṣẹ́ ló dá mi dúró. Wọ́n ń fún wa nísinmi, èmi ni mi kì í gbà á, torí tí mo bá gbà á, mi ò mọ ibi tí màá gbé e lọ. Ẹ̀rù ilé ló ń bà mí. Èmi tẹ́ ẹ rán lọ sékọ́ńdírì, tẹ́ ẹ ń pè ní Akọ̀wé lójú gbogbo àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà, ẹ wò ó, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mò ń fọ̀ tí mò ń ká. Ó ti pẹ́ tí mo ti lọ, ohun tí màá gbé bọ̀ ti gbọ́dọ̀ tó nǹkan. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ wọlé kí n tó tẹ̀ lé e. Kí àwọn èèyàn máa wò ó, kí wọ́n má ráyè wò mí.

Nọ́ńbà fóònù, èmi ni mo yí i padà. Ẹni tó bá pè mí láti ilé, wọ́n nílò nǹkan. N ò ní, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n ò ní. Mo wá yí i, mo ní màá fún yín ní tuntun, mo wá rò ó pé ẹ ò lè gbọ́rọ̀ lórí fóònù, kí ni mo fẹ́ fún yín fún. Báyìí ni gbogbo ilé ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo rò pé ìsinmi ni mo fún ara mi.

Ẹ béèrè ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí. Níbi iṣẹ́, obìnrin kan wà tí a jọ ń ká aṣọ, Onífìlà là ń pè é torí kì í ṣí fìlà onírun kan báyìí lórí. Òun á di igun méjì mú, èmi á di méjì mú, a ó na aṣọ náà, a ó wá rìn pàdé láàárín títí ọwọ́ wa á fi kan ara. Báyìí la ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀, a kàn ń fi ojú kí ara wa. Ìyẹn ni ẹni tí mo sún mọ́ jù. Lọ́jọ́ kan mo ra àpò ọ̀dùnkún, mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ẹnì kan jókòó tí kò di bẹ́líìtì. Mo wá di bẹ́líìtì fún àpò ọ̀dùnkún. A jọ wálé bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì fi èékánná wọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i, mo tẹ̀ ba, onílé mi, obìnrin tó ń gbé òkè, yọjú lójú fèrèsé, ni mo bá díbọ́n pé ọ́ìlì ni mò ń wò. Ojú tì mí. Níbi tí wọ́n ti tà á, dígí ni gbogbo ara ilé wọn, wọ́n so òdòdó mọ́ kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ta ló máa gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó wá máa wá téèpù lára ẹ̀? Àwọn tó ń lẹ ọ̀rá ti fún mi lọ́jọ́, ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Mo tún fẹ́ béèrè. Ìlà ìwé yín ń gorí ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé síwá gbé sẹ́yìn kí n tó kà á. Ọwọ́ yín kì í rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ń kánjú ni? Kí sì ni nǹkan tẹ́ ẹ fi ń dúró dè mí?

Ọmọ yín.

---

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Mi ò rí èsì. Mo ní bóyá ó sọ nù lọ́nà, mo tún ní bóyá ẹ ń bínú. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀ nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ àti nígbà tí mo bá dé. Onílé ti mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Lánàá kò jẹ́ kí n dé ìsàlẹ̀, ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ní kò tíì sí nǹkan. Mi ò tiẹ̀ sọ ohun tí mò ń wá fún un rí.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òpó géètì ló bí yín nínú, ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ méjèèjì. Ẹ ṣáà kọ̀wé sí mi.

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ ọ̀rá. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fi iná kan tó mọ́lẹ̀ yòò wò ó láti orí dé ìdí bíi dókítà. Ó wá pè mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ìka mi wọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀. Bàbá, ìlà náà wà níbẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó ní wọ́n ti kun bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn rí, òun lè lẹ ọ̀rá mọ́ ibi tó kù, àmọ́ tí mo bá fẹ́ kóun lẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n gbà pé lọ́jọ́ tí ọ̀dà bá bá ọ̀rá lọ, mi ò ní bá òun jà.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní nǹkan kékeré ló ha á nínú ọgbà àwọn kí n tó wá, àwọn sì ti tún un ṣe. Ó ní kò kúkú hàn. Ó fún mi ní tíì. Mo mu ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo jáde. Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì kí n tó rántí gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ, mo wá ń sọ ọ́ fún dígí bọ́ọ̀sì.

Ọmọ pẹ́ńtà ni mí. Inú eruku ọ̀dà ni mo dàgbà sí. Mo dúró lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn láti oṣù kejì, mo ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi, mo sì ń tijú obìnrin ojú fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni mo ń bínú sí tàbí ara mi. Mo ní kí ọkùnrin ọlọ́rá fún mi láyè di oṣù tó ń bọ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí n máa dá sọ̀rọ̀, Bàbá. Mo ti ń ṣe ìyẹn tó níbí.

Ọmọ yín.

---

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Akọ̀wé,

Bàbá rẹ ló ń sọ̀rọ̀, Aláriwo ló ń kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má fi gírámà tiẹ̀ sí i.

Má bínú pé èsì pẹ́. Aláriwo ní iṣẹ́ pọ̀ fóun. Òun ló tún ń ka ìwé rẹ fún mi báyìí, ó sì di kó pariwo ẹ̀ sí etí òsì kí n tó gbọ́, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́ ohùn ẹ̀ ládùúgbò yìí. Ìyá tó ń gbé ọ̀kánkán wa ti bi mí bóyá àpò ọ̀dùnkún náà ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ẹ jọ ń gbé ni. Torí náà, tó o bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn lò ń sọ ọ́ fún.

O béèrè nípa ìlà ìwé mi. Ojú mi ti ń ṣú láti bí ọdún kan. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́. Ẹni tó jẹ́ kí n mọ bó ṣe le tó ni oníbàárà kan tí mo kun ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún. Mo po ọ̀dà náà fúnra mi, mo kùn ún, mo gbé e síta, mo bi í bó ṣe rí. Ó ní ó dáa, ó sanwó. Aláriwo náà ní ó dáa. Ó ṣe díẹ̀ lẹ́yìn náà kó tó kígbe ẹ̀ sí mi létí pé ara ọkọ̀ yẹn jẹ́ búlúù, ilẹ̀kùn tí mo kùn jẹ́ àwọ̀ ewé. Àánú mi ló ṣe wọ́n. Ọkùnrin yẹn ń wa ọkọ̀ oníàwọ̀ méjì kiri ìlú torí pé kò fẹ́ kan mí lábùkù. Mo gbé ìbọn ọ̀dà kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó tó ìyẹn. Ọ̀rọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí Aláriwo ka ibẹ̀, mo ní kó tún un kà. Inú mi dùn. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Látìgbà tó o ti sọ pé ọkọ̀ tuntun ni, mo ti ń rò ó pé ẹ̀rọ nìkan ló fọwọ́ kàn án, pé kò sí ọwọ́ èèyàn lára ẹ̀ rárá. Ṣé o rí i, ẹnì kan dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ha á, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bóyá ó ti dán, ó di èémí mú kó tó fọ́n ọn. O wò ó láti oṣù kejì, o ò mọ̀. Ó mọṣẹ́. Ibi tó ti ṣì í ni etí téèpù yẹn, kò fi pépà oníyanrìn ha á. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń kán an lójú. Ẹni tó tà á fún ọ ló parọ́. Ẹni tó kùn ún ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Má lẹ ọ̀rá kankan mọ́ ọn. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án nígbà tó o bá gbé e dé. Tí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, ọ̀rá ni màá máa fọwọ́ pa. Bíríkìlà ti parí iṣẹ́, géètì ti fẹ̀ tó. Mo ń retí rẹ.

Ẹ̀gbọ́n, èmi Aláriwo ni mò ń kọ èyí báyìí. Bàbá jókòó tì mí, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ni mo ṣì ń kọ. Dókítà ti yẹ ojú wọn wò. Ó ní ti ọ̀tún ti kọjá àtúnṣe, ti òsì ṣì ṣeé ṣe tí a ò bá fi falẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní oṣù kẹta. Lẹ́tà yín ló dé pé ẹ máa gbé ọkọ̀ wá sílé, ni Bàbá bá sọ fún dókítà pé àwọn ń dúró de ọmọ àwọn. Wọ́n ní tójú náà bá là, ẹ̀yin làwọn fẹ́ kọ́kọ́ fi wò. Látìgbà náà, wọn ò gbà kí wọ́n ṣe é. Dókítà ti bínú.

Lẹ́tà yín tó sọ pé kì í ṣe ọdún yìí, mo kà á fún wọn, mo ka ti àpò ọ̀dùnkún, mo ka ti ìyàwó Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n, mo fo ibẹ̀ yẹn. Mo la ẹnu, mi ò lè pariwo ẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ní, "Kò sọ ìgbà tó ń bọ̀ ni?" Mo ní ẹ ò tíì sọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́ tí mi ò fi kọ̀wé, mi ò mọ ohun tí màá kọ ni. Nọ́ńbà yín ò sì lọ. Ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi. Wọ́n ti ń béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ táwọn sọ fi gùn tó báyìí lójú ìwé.

---

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje

Aláriwo, àbúrò mi,

Ibi tó wà lókè ìlà yìí, ìwọ nìkan ló wà fún. Má kà á sókè. O ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rò dáadáa dá gbogbo èyí sílẹ̀. Lọ bá dókítà lónìí, sọ fún un pé kó fi iṣẹ́ náà sí ọ̀sẹ̀ tí mo bá dé. Nọ́ńbà mi tuntun wà lẹ́yìn ìwé. Fi fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Láti ibí lọ, pariwo ẹ̀.

---

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ará ọ̀kánkán, ẹ̀yin náà ẹ kú ilé. A ti jẹ ọ̀dùnkún náà tán.

Bàbá, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ òótọ́ kan kí n tó sọ èyí tó dùn. Mo kọ ọ́ sí yín ní oṣù kẹrin pé mi ò ní wá lọ́dún yìí, bóyá ẹ gbọ́ ọ, bóyá ẹ ò gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́, mo sì ní in lọ́kàn. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásán. Mi ò mọ̀ pé èmi lẹ ń retí.

Mo ti lọ sọ fún ọkùnrin ọlọ́rá pé kó máà ṣe é. Kò bi mí léèrè ìdí. Ó ní tí mo bá yí ọkàn padà kí n padà wá, mo ní ó dáa, a sì bọ ara wa lọ́wọ́. Owó ọ̀rá ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni màá dé. Ọkọ̀ náà ò bá mi bọ̀. Èmi nìkan ni, pẹ̀lú báàgì kan. Mo gba ìsinmi oṣù kan gbáko lẹ́nu iṣẹ́, màá sì padà tó bá pé. Mò ń sọ ọ́ báyìí kẹ́ ẹ má bàa tún yọ òpó kankan nítorí mi.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, òjò ń rọ̀. Mo ṣí aṣọ kúrò lára ọkọ̀, mo wà á lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tá a jáde, Onífìlà ti dúró níbi tó ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì, fìlà ẹ̀ ti rin. Mo ní kó wọlé. Ó kọ́kọ́ nu bàtà ẹ̀ lára etí títì, ó ní òun ò fẹ́ dọ̀tí nǹkan ẹni. Ohùn ẹ̀ ò rí bí mo ṣe rò. Ó ní temi náà ò rí bí òun ṣe rò. A ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tá a lè sọ, a wá ń sọ̀rọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Tírélà kan kọjá níwájú wa, òkúta ta láti ìdí ẹ̀, ó bá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dún kò. Onífìlà yíjú wò mí, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, mo lọ wò ó. Ó tó orí abẹ́rẹ́, ibi tó ti ṣí funfun. Mo fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ọkàn mi á bàjẹ́. Mo kàn ń rò ó pé ẹni tó kùn ún, tó bá rí i, á mọ bí wọ́n ṣe ń dí i. Mo wọlé padà, a ń lọ.

Mo máa fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Onífìlà. Bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ kó tó dé ilé. Ó ní tí òkúta bá tún ta sí i ńkọ́. Mo ní kó jẹ́ kó ta.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, mi ò ní parọ́. Mi ò mọ bí ilé ṣe máa rí lójú mi, mi ò sì mọ bí màá ṣe rí. Irun mi ti ń já. Mo ti sanra níbi tí kò yẹ. Tójú yín bá là tó jẹ́ èmi lẹ kọ́kọ́ rí, ẹ má retí ẹni tẹ́ ẹ sin dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ojú náà. Màá jókòó síta, mi ò ní lọ ibì kankan.

Ó ṣeé ṣe kí n ṣáájú lẹ́tà yìí dé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni màá kà á fún yín, màá sì gbìyànjú láti pariwo tó.

Nǹkan kan ṣì kù tí mo ń rò. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ò ní gbọ́. Tí mo bá dúró síwájú yín, òjìji kan lásán lẹ máa rí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé Aláriwo ló máa kígbe ẹ̀ sí yín pé mo ti dé. Màá rọra wá, màá jókòó tì yín, màá gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ yín. Ó ti le díẹ̀ nítorí omi ọṣẹ, ẹ lè má tètè dá a mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Èmi ni.